Orí Tí A Kà, Orí Tí A Kò Kà: Ìṣirò Ìlera àti Ìtọ́jú Ará Ìlú ní Gúúsù Èkìtì láti 1911

1. Ìfáárà

Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀, Ẹmùré àti Àgbàdo jẹ́ ìlú tí iye ènìyàn wọn ti ń wọ ìwé ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, inú ìwé Ẹkùn Òǹdó ni wọ́n wà. Lẹ́yìn èyí wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1967, ara Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 1976, àti ara Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 1 October 1996. Ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí a ń kọ iye wọn sí ń yí padà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye ọmọ ọwọ́ tí ó kú ní Ẹmùré ní 1921, tàbí iye ìyá tí kò sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ ní Ìṣẹ̀ ní 1952, kò ní rí ìdáhùn nínú ìwé ìkànìyàn ọdún méjèèjì.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni pé: ta ni ìṣirò ìjọba ń kà, kí ni ó ń kà á fún, ta ni ó sì ń bọ́ sílẹ̀ láàrin? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níbí ni pé ìkànìyàn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ìlera ní ìpìlẹ̀. Owó-orí ni ó kọ́kọ́ bí i, ìpín àga àti ìpín owó ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ìmọ̀ tí ó dájú nípa ikú àti ìyè àwọn ọmọdé kò ti inú rẹ̀ wá, bí kò ṣe inú ìwádìí kéékèèké tí a ti bi àwọn ìyá léèrè nípa ọmọ tí wọn kò ní mọ́. Ilẹ̀ Èkìtì àti bèbè rẹ̀ kó ipa tí ó tóbi nínú ìwádìí bẹ́ẹ̀.

2. Àkọsílẹ̀ inú orúkọ

Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò fẹ́ràn kí a ka ènìyàn, wọn a sì fi òwe tì í lẹ́yìn pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni pé èèwọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n àìkà kò túmọ̀ sí àìṣe àkọsílẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá jẹ́ ìwé ìgbẹ̀bí tí a ń kọ sí ara ọmọ. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé. Àìná àti Òjó ni èyí tí ìwọ́ rẹ̀ kọ́ lọ́rùn. Òkè ni èyí tí ó wá pẹ̀lú àpò. Ohun tí agbẹ̀bí òde òní ń kọ sí káàdì gẹ́gẹ́ bí ewu ìbímọ ni àwọn àgbà ti sọ di orúkọ.

Orúkọ àbíkú tilẹ̀ ju èyí lọ. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé àti Bánjókòó ń sọ fún ẹni tí ó bá gbọ́ pé ikú ti ṣaájú nínú ilé náà. Kòsọ́kọ́ sọ pé kò sí ọkọ́ tí a ó tún fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Babátúndé àti Yétúndé ń tọ́ka sí ikú àgbàlagbà. Bí òpìtàn bá gba àkójọ orúkọ àwọn tí a bí ní ìlú kan láàrin ọgbọ̀n ọdún, yóò rí ojú ọ̀nà tí ikú ọmọdé gbà kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀rí yìí ní ààlà tirẹ̀. Orúkọ Málọmọ́ sọ pé ọmọ kú. Kò sọ bóyá ọ̀kan ni tàbí mẹ́rin. Kò sọ bóyá ibà ni ó pa á, tàbí èéyi, tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì àti Ìsìláàmù sì ti ń gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí fi orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ikú ọmọdé tó dín kù rárá. Èyí túmọ̀ sí pé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ń parẹ́ nígbà tí àkọsílẹ̀ ìjọba kò tíì gba ipò rẹ̀.

Ìkọ̀sílẹ̀ mìíràn tún wà nínú àṣà fúnra rẹ̀. Òkú àgbà ni a ń ṣe ní ìnáwó. Òkú ọmọdé jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, tí a kì í pariwo rẹ̀, tí a kì í sì í fẹ́ kí ẹnu máa pè é lemọ́lemọ́. Nítorí náà, ikú tí ó pọ̀ jù ní ìlú ni ikú tí a ń sọ jù lọ ní ìdákẹ́jẹ́.

3. Láti owó-orí dé ìpín àga

Ní Èkó, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú bẹ̀rẹ̀ ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èkìtì jìnnà sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ìjọba tuntun kọ́kọ́ fara hàn lára igi: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn tí ó fi bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, hàn. Ìlẹ̀kùn náà dé ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum. Aláṣẹ tí wọ́n gbé dé nínú iṣẹ́ ọnà yìí ni àwọn agbowó-orí tẹ̀lé.

Láti nǹkan bí 1916 ni owó-orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ Yorùbá, láàrin ọdún díẹ̀ ó sì dé Èkìtì. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ iṣẹ́ rẹ̀: orí ni a ń kà kí a tó gba owó. Ogun Àdùbí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára àwọn ará ìlú. Ìkànìyàn 1911, 1921 àti 1931 fi ara ti ìwé owó-orí àti ìfojúdá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ ibi. Àgbàlagbà ọkùnrin ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá. Ọmọ tí a ń pọ̀n kò ní owó-orí, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń wá a lọ.

Ìkànìyàn December 1952 ní Ìwọ̀-Oòrùn dára ju ti ìṣaájú lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù owó-orí kò tíì kúrò ní ọkàn àwọn ènìyàn. Ẹ̀rí pé wọ́n fi ọmọ pamọ́ kò pẹ́ jáde. Nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti ìwọ̀n 457,000 ní 1954 dé ohun tí ó ju 811,000 lọ. Àwọn tí ó jáde wá pọ̀ ju iye tí àwọn aṣètò ti retí. Ọmọ tí òbí kò fi han akànìyàn ni ó fi han olùkọ́. Ìjọba kan náà ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò tíì ju ọdún 18 lọ; ìṣòro iye kan náà ni yóò sì bá a níbẹ̀.

Láàrin ọdún mẹ́wàá, ọ̀ràn yí padà pátápátá. Ní 1952 àti 1953, iye gbogbo Nàìjíríà jẹ́ ìwọ̀n 30.4 mílíọ̀nù. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962. Ti 1963 mú 55.7 mílíọ̀nù jáde. Kí èyí tó lè jẹ́ òtítọ́, orílẹ̀-èdè náà ní láti máa fi ohun tí ó súnmọ́ 6 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ bí ọmọ 50 bá ń wáyé nínú ènìyàn 1,000 lọ́dún, tí ẹnikẹ́ni kò sì kú rárá, ìdàgbàsókè ọdún náà kò lè ju 5 nínú 100 lọ. Àlàyé kò le: iye ènìyàn ti di iye àga ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tí ó ti ń fi ọmọ pamọ́ fún owó-orí sì rí ìdí láti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkànìyàn 1973 sọ pé ènìyàn ti tó ìwọ̀n 79.8 mílíọ̀nù. Ìjọba Murtala Mohammed fagi lé e ní 1975. Nígbà tí a tún kà ní 1991, ìwọ̀n 89 mílíọ̀nù péré ni a rí, lẹ́yìn ọdún 18. Ní gbogbo àkókò tí ó wà láàrin, iye 1963 ni aṣètò fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ń pín dókítà àti oògùn fún Ìkẹ́rẹ́ ní 1985 jẹ́ ìwé tí ọmọ ọdún 20 kò sí nínú rẹ̀.

4. Ìlú méjì-méjì

Nígbà tí àríyànjiyàn yìí ń lọ ní Èkó, irú ìkà mìíràn ń lọ ní àrọko. Ìfẹ́ sí i kò ṣàjèjì sí Èkìtì: ilé ìwòsàn tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ń jẹ́ Ilé Àbíyè, orúkọ tí ó dojú kọ àbíkú tààrà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ń ka ẹni tí ó wá. Kò lè ka ẹni tí kò wá. Kí a tó lè mọ ohun tí ìwòsàn ń ṣe, ó di dandan kí a ka ilé dé ilé.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, David Morley, dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ọdún 1950 sí 1960. Ó dá ètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wọn ọmọ déédéé. Káàdì kan wà tí ìlà inú rẹ̀ ń fi ìdàgbà ọmọ hàn, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń gbé, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé. Èyí jẹ́ àyípadà ńlá nínú ìtàn àkọsílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìwé owó-orí wà lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ń bẹ àwọn ènìyàn wò láti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Káàdì yìí wà nínú àpò ìyá, ó sì ń sọ fún un bóyá ọmọ rẹ̀ ń rù.

Ní nǹkan bí 1966 sí 1967, Nicholas Cunningham fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Èkìtì tí ó múlé tì í ṣùgbọ́n tí kò ní irú ètò náà. Nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, ìwọ̀n 48 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìwọ̀n 91 ni. Láàrin àwọn tí ó ti pé ọdún kan tí wọn kò tíì pé márùn-ún, ìwọ̀n 18 nínú 1,000 ni ó ń kú lọ́dún ní ìlú àkọ́kọ́, 51 ní èkejì. Àwọn ìlú méjèèjì yìí jọ wà nínú ìtàn Ogun Kírìjì, ojú ọjọ́ kan náà ni ó ń pa wọ́n, iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ìyàtọ̀ iye yìí kì í ṣe àyànmọ́.

Ìwádìí kejì wá láti ọwọ́ I. O. Orubuloye àti J. C. Caldwell, tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1975. Ìlú méjì ní Èkìtì, Ìdó àti Ìsinbọ̀dé, ni wọ́n yàn. Ìdó ní ilé ìwòsàn tí ó péye. Ìsinbọ̀dé kò ní. Wọ́n tún ya àwọn ìyá sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kàwé tàbí wọn kò kàwé. Wọ́n wá wo iye ọdún tí a lè retí pé kí ọmọ tuntun lò láyé. Ní ti ìyá tí kò kàwé, ìtòsí ìwòsàn nìkan fi 20 nínú 100 kún ọdún náà. Ìwé kíkà ìyá láìsí ìwòsàn nítòsí fi 33 kún un. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ohun tí ó kún un jẹ́ 87.

Iye kẹta yìí ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Bí a bá ro 20 pọ̀ mọ́ 33, 53 ni yóò jẹ́. Ohun tí ó lé láti 53 dé 87 kì í ṣe ti ilé ìwòsàn nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ti ìpàdé àwọn méjèèjì ni. Ìyá tí ó kàwé mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ dìde, ó sì lè bi nọ́ọ̀sì léèrè. Kò sí ìwé ìkànìyàn kan, láti 1911 dé 1973, tí ó lè sọ èyí fún ìjọba kankan. Àwọn ìlú tí ó sọ ọ́ kì í ṣe àwọn tí a dárúkọ ní ìfáárà, ṣùgbọ́n ìyá Àgbàdo àti ìyá Ìsinbọ̀dé kò yàtọ̀ nínú ohun tí ẹ̀kọ́ náà kàn: ọ̀nà tí ó jìn sí ìwòsàn, àti ìwé tí a kò kọ́ wọn.

5. Ìbéèrè nípa ọmọ tí kò sí mọ́

Láti September 1986 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1987, irú ìkà yìí dé gbogbo Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n bi àwọn obìnrin tí ó ju 4,000 lọ léèrè. Òun ni ìwádìí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nínú ọ̀wọ́ ìwádìí iye ènìyàn àti ìlera tí a wá mọ̀ káàkiri àgbáyé. Èyí tí ó kárí orílẹ̀-èdè tẹ̀lé e ní 1990, pẹ̀lú obìnrin 8,781. Ìpínlẹ̀ tí ìjọba Adekunle Ajasin ti kéde ìwòsàn ọ̀fẹ́ láàrin 1979 sí 1983 ni a ti kọ́kọ́ dán irinṣẹ́ náà wò.

Ọgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wà nínú ètò ìbéèrè rẹ̀. Bí a bá bi ìyá ní Èkìtì pé ọmọ mélòó ni ó bí, ó lè dákẹ́ nítorí èèwọ̀, ó sì lè dárúkọ àwọn tí ó wà láàyè nìkan. Nítorí náà a ń pín ìbéèrè náà: àwọn ọmọ tí ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí ó wà níbòmíràn ńkọ́? Ǹjẹ́ ó bí èyí tí ó ti ṣaláìsí, àní èyí tí ó ké lẹ́ẹ̀kan tí kò sì dúró? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí àṣà tì. A kò ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ni ó ń kà á fúnra rẹ̀.

Nínú irú ìwádìí yìí ni a ti mọ̀ pé ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, tí ó jẹ́ ìwọ̀n 190 nínú 1,000 ní 1990, ti di 132 ní 2018, ó sì di 110 nínú ìwádìí 2023 sí 2024. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba máa ń bo nǹkan. Ní 2018 kan náà, ó jẹ́ 187 ní Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, 62 ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Iye 132 kò ṣe àpèjúwe ibì kankan nínú méjèèjì. Bí orílẹ̀-èdè ti ń bo ẹkùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹkùn ń bo ìlú, tí ìlú sì ń bo abúlé oko.

6. Iye àti ìtọ́jú

Ìbéèrè tí ó kù ni bí iye ṣe ń di ìtọ́jú. Ìkànìyàn 2006 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n ènìyàn 147,000, Ìṣẹ̀/Ọ̀rùn ní 114,000, Ẹmùré ní 94,000. Èyí tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún 2023 ni wọ́n sún síwájú, títí 2024 fi parí kò sì sí òmíràn. Ẹni tí a bí lẹ́yìn ìkànìyàn yẹn ti ń di àgbà láìjẹ́ pé ìkànìyàn kankan bá a nílé.

Ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ewu rẹ̀ hàn. Ní Nàìjíríà, 4 nínú 100 gbogbo ènìyàn ni a máa ń gbà pé ó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Lórí 94,000, ìyẹn jẹ́ ọmọ 3,760. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera fún ọmọ 3,600 ní abẹ́rẹ́ lọ́dún kan. Ìwé yóò sọ pé 96 nínú 100 ni ó gbà á, ọkàn gbogbo ènìyàn yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ́ 5,000 ní tòótọ́, 72 nínú 100 ni ó gbà á, ọmọ 1,400 sì wà tí èéyi lè bá nílé. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà kò yí padà, ìwé rẹ̀ kò sì parọ́. Iye tí a fi pín in ni kò tọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà náà kò yàtọ̀. Ní 2011, ìjọba Kayode Fayemi ní Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tí ó ti tó ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù. Ẹni tí ó bá yẹ fún un ti wáyé ní 1946 tàbí ṣaájú. Òfin tí ó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan ní gbogbo Nàìjíríà jáde ní 1979, òmíràn sì tẹ̀lé e ní 1992. Méjèèjì pẹ́ ju fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì ìrìbọmi, ìbúra ọjọ́-orí ní kóòtù, tàbí ìtàn pé a bí i kí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ni ó kù fún un. Ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ ní 1940 rí ìwé mú dání ju ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ abọ̀rìṣà lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ìwádìí 2021 fi hàn pé ìwọ̀n 57 nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ni a forúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ aboyún ṣì ń bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí àwọn ìjọ Aládùúrà àti lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí. Ìbí bẹ́ẹ̀ kì í wọ ìwé ilé ìwòsàn àfi bí ìdààmú bá dé. Nígbà náà, ìwé ilé ìwòsàn yóò dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ikú wà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé irú ìkà méjì ni ó ti wà ní ilẹ̀ Èkìtì láti ìgbà tí ìjọba òde òní ti dé. Ọ̀kan ń ka orí nítorí ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ohun tí ó fẹ́ gbà nítorí rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì dá a lóhùn bí ó ti yẹ, wọ́n sá fún un ní 1921, wọ́n sì bù mọ́ ọn ní 1963. Èkejì ń lọ bá ìyá nínú ilé, ó ń bi í nípa ọmọ tí ó kú, ó sì ń fi ìwé sílẹ̀ fún un. Kíkéré ni èkejì kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ òtítọ́.

Kì í ṣe pé kí a pa ìkànìyàn tì. Láìsí iye gbogbo ènìyàn, kò sí ohun tí a ó fi pín iye abẹ́rẹ́. Ohun tí ìtàn yìí béèrè ni pé kí ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìbí ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an: lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, kí ìwé rẹ̀ sì ṣe olórúkọ ní àǹfààní tí ojú rí. Ọdún 1955 ti fi hàn pé òbí kì í fi ọmọ pamọ́ fún ẹni tí ó mú ohun rere wá. Àwọn baba ńlá Èkìtì fi orúkọ ṣe àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó lọ, kí èyí tí ó tẹ̀lé e lè dúró. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ọmọ Ẹmùré dúró ní láti mọ̀ pé ó dé.